Màmá Ń Kúnlẹ̀ fún Ọmọ Mi

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún èèyàn pé ìgbà ìrúwé ti dé. Wàá jáde láàárọ̀, wàá bá lẹ́búlẹ́bú òdòdó lórí gíláàsì ọkọ̀ rẹ, bí ìgbà tí wọ́n gbọn àpò gààrí elépo sí i lára. Nígbà tí màmá mi kọ́kọ́ rí i, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì wo ojú mi bí ẹni pé mo fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Mo ní ara igi ló ti wá. Ó ní, "Igi wo? Ìwọ ọmọ yìí, o ti pẹ́ nílùú òyìnbó jù." Mo rántí èsì yẹn dáadáa, torí pé ó wà lára àríyànjiyàn tó bá mi ṣe kẹ́yìn. Mo fẹ́ràn kí màmá mi máa bá mi jiyàn. Ẹni tó bá ń bá ọ jiyàn, ó mọ̀ ọ́.

Ìdí tí Màmá fi wá kò lọ́jú pọ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí ojúmọ́ tó mọ́ ló ti máa ń jáde, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó wọlé. Èmi náà, ọ́fíìsì ni mo máa ń wà ní Upper Marlboro títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ wa kan ṣoṣo, obìnrin, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, bí ó bá sì ti iléèwé dé, kò sí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Ni a bá ránṣẹ́ sí Màmá ní Ìbàdàn pé kó wá bá wa mójú tó ọmọ. Inú òtútù ló dé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń kí wa kú oríire, wọ́n ní àwọn mìíràn ń wá irú ìyá bẹ́ẹ̀ tí wọn kò rí. Èmi náà ń yan kiri bí ẹni tó ra ilé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti eré tó wà láàárín Màmá àti ọmọ yìí, torí pé òun ni ìdí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá màmá mi kú, wọn kò tíì ṣe ogójì rẹ̀ tí ìyàwó mi fi bímọ obìnrin. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá kò nílò àlàyé. Ìyá àgbà ti padà wá, orúkọ tí a sọ ọmọ náà sì sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọwọ́ ni Màmá ti ń pè é ní "Ìyá mi" lórí fóònù. Lọ́jọ́ tí Màmá dé, láàárín ẹrù àti èrò ní pápákọ̀ òfuurufú, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ fún ọmọdé. "Ìyá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o." Ọmọ mi gbé ọwọ́ lé gèlè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ, ó ní, "Dìde." A rẹ́rìn-ín títí. Mo fi fóònù ká a, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n mi, àwọn náà rín ẹ̀rín arínyó. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Màmá ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ náà, ọmọ á gbé ọwọ́ lé e lórí, á ní kó dìde, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun.

Nǹkan kan tún wà tí a kò fiyè sí. Bíi gbogbo ọmọ tí wọ́n bí síbí, gẹ̀ẹ́sì lọmọ mi ń sọ. Díẹ̀ tó gbọ́ nínú Yorùbá, ẹnu wa ló ti gbọ́ ọ, kí ni àwa sì ń fi Yorùbá sọ fún un ju àṣẹ lọ? Jókòó. Wọ bàtà ẹ. Fọwọ́ ẹ. Wá jẹun. Ó tó. Má sunkún mọ́. Wá, kí n pọ̀n ẹ́. Gbogbo Yorùbá tó wà lẹ́nu ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí ìyá ń sọ fún ọmọ ni. Òun ló sì ń fi bá màmá mi sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́.

Bí òtútù ṣe kásẹ̀ nílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní gbogbo Sátidé. Fairwood ni à ń gbé, adágún omi kan wà nítòsí ilé tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yí ká. Ọmọ mi á gbé báàgì rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì aláràbarà àti bébà ló máa ń wà níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá rí ló ń yà: igi tó gbé òdòdó lérí kí ó tó ní ewé, bàtà èèyàn, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn tí ń lé àwọn ọmọdé kiri. Èmi fúnra mi ì bá fi àwòrán yíyà jẹun, bí kì í bá ṣe pé bàbá mi ṣàánú mi tó ní kí n lọ kọ́ ìṣirò. Nítorí náà, bí mo bá rí ọmọ mi tó dojú bolẹ̀ lórí kọnkéré, tí ìka rẹ̀ pọ́n fún ṣọ́ọ̀kì, inú mi a máa dùn kọjá sísọ. Mo máa ń sọ fún un pé kí ó máa wo ayé dáadáa, kí ó máa fetí sí ìtàn Màmá, pé ibẹ̀ ni àwòrán ti ń wá.

Ó sì fetí sí i. Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, létí adágún, Màmá wo omi títí, ó ní, "Odò ọ̀nà oko wa náà rí báyìí." Ó wá sọ ìtàn kan tí n kò gbọ́ rí. Ó ní tí òjò bá rọ̀, odò náà á kún, ìyá rẹ̀ á bọ́ bàtà, á tò ó sétí odò, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní, "Wá, kí n pọ̀n ẹ́." Ẹ̀rù á máa ba Màmá, á máa sunkún. Ìyá rẹ̀ á ní, "Má wo omi. Ẹ̀yìn mi ni kó o máa wò." Bẹ́ẹ̀ ni wọn á ṣe la odò kọjá dé abúlé.

Mo fi gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ mi. Ojú rẹ̀ là. Ó béèrè bóyá òun ló pọ̀n Grandma nígbà yẹn. Kí n tó dáhùn, Màmá ti ní, "Ẹ̀yin náà mà ni, ìyá mi. Ẹ ò rántí ni?"

Àwòrán tó yà lọ́jọ́ náà ni a kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì: obìnrin gíga kan nínú omi, ọmọ kékeré lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò ya nǹkan mìíràn mọ́. Lórí bébà, lórí kọnkéré iwájú ilé, lórí gíláàsì ọkọ̀ tí lẹ́búlẹ́bú bò, obìnrin kan, omi kan, ọmọ kan lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, obìnrin inú omi ń kéré sí i, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń tóbi. Nígbà tó yá, ẹni inú omi gbé báàgì iléèwé, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ wé gèlè, ó sì wọ awò ojú. Mo yìn ín. Mo ní ọmọ mi lóye. Mo tún fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyàwó mi kò yìn ín. Ó dúró níwájú fíríìjì, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, ó ń wo àwòrán náà bí ó ti máa ń wo ojú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

"Daddy," ó ní, bí ó ti ń pè mí látìgbà tí a ti bímọ, "ṣé ẹ notice pé Mummy ò rẹ́rìn-ín mọ́ tí wọ́n bá ń kúnlẹ̀?"

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín sí eékún tó ń dùn wọ́n ni?"

"Lánàá, mo fún wọn ní oúnjẹ, wọn ò jẹ ẹ́. Wọ́n ní ìyá àwọn ò tíì ti oko dé. Wọ́n jókòó ti fèrèsé títí school bus fi dé."

"Wọ́n ń ṣeré ni. Ṣé o ò mọ eré ni?" Inú ti ń bí mi. "Ọjọ́ Sunday ńkọ́? Wọ́n kọ gbogbo orin inú hymn láìwo ìwé. Ìwọ tó o wo ìwé, o kọ ọ́ tó wọn? Ẹni tí orí ẹ̀ ń dàrú ló máa rántí orin báyẹn?"

"Orin ni orí máa ń gbàgbé kẹ́yìn, Daddy. Mo ń rí i lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́."

"Màmá mi kì í ṣe patient ẹ."

"Ẹ má bínú, sà," ó wí, ó sì lọ fọ abọ́. Bí ìyàwó mi bá ti pè mí ní sà, mo mọ̀ pé mo ti kọjá àyè mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó dí i lẹ́nu pẹ̀lú. Nílé tiwa, bí ìyàwó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé orí ìyá ọkọ òun kò pé mọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní tán láéláé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi á ní òun ló fẹ́ lé ìyá wa lọ. Nọ́ọ̀sì tó mọ àìsàn ìgbàgbé ọ̀hún bí ẹni mowó gbọ́dọ̀ máa fọ abọ́, torí pé ìyàwó ni. Ó kàn yíjú padà níbi ẹ̀rọ omi, ó ní, "Mo kàn bẹ̀ yín ohun kan. Ẹ má jẹ́ kí àwọn méjèèjì dá wà létí omi." Mo ní mo ti gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo bá Màmá tó jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, ọmọ mi ń fi ṣíbí bu ìrẹsì sí i lẹ́nu. "Jẹun," ó ń wí. "Ó ku díẹ̀. Good girl." Màmá ń jẹ, ó ń wò ó lójú. Nígbà tí wọ́n rí mi, Màmá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, "O ti dé? O kú iṣẹ́ o," bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ọmọ mi gbé abọ́ lọ síbi ìfọbọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sáré wá dì mọ́ mi bí ti tẹ́lẹ̀. Mo rí i pé ó rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ ọmọdé bí ó ti máa ń rẹ abiyamọ.

Òjò rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó dá láàárọ̀ Sátidé, ilé ti sú wa, ọmọ ń fẹ́ jáde, Màmá náà ti wọ súwẹ́tà lé ìró àti bùbá, ó dúró tilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́. N kò mú wọn lọ sétí adágún, mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí páàkì kan tó ní igbó, tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Mo rò pé igi nìkan ló wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà ni odò kékeré kan wà, irú èyí tí èèyàn máa ń fò kọjá nígbà ẹ̀rùn, n kò sì ronú kàn án.

Níbi tí kọnkéré parí sí, ọmọ mi dúró, ó kó ṣọ́ọ̀kì jáde, ó tún ya obìnrin àti omi. Àwòrán tó dára jù tó tíì yà rí ni. Ó fi búlúù ya omi náà, ó sì fi ọwọ́ ra á kó lè dà bí ohun tó ń sáré. Nígbà tó yà á tán, ó nu ọwọ́, ó di ọwọ́ Màmá mú, ó ní, "Wá." Àwọn méjèèjì wọ inú igbó. Èmi dúró ya fọ́tò. Ojú ọ̀run tún ti ń ṣú, mo fẹ́ ká a kí òjò tó wá pa á rẹ́. Mo yà á lápá ọ̀tún, mo yà á lápá òsì, mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yà á. Nígbà tí mo gbójú sókè, n kò rí wọn.

Mo pe ọmọ mi, kò dáhùn. Igbó náà tutù, ewé tuntun tínrín lórí igi gbogbo, ìró omi sì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó pọ̀ ju ìró odò kékeré lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi kí n tó rí i. Yorùbá ló ń sọ, ní ohùn pẹ̀lẹ́, ohùn ìyàwó mi gan-an.

"Má sunkún mọ́. Wá, kí n pọ̀n ẹ́. Má wo omi."

Bàtà ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n tò ó sétí odò, ti Màmá àti ti ọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Odò náà ti kún, ó pọ́n bíi tíì, ó ń gbé ẹ̀ka igi lọ. Ọmọ mi wà nínú rẹ̀ dé itan, ó dẹ̀yìn kọ bèbè, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Màmá mi gbé ìró rẹ̀ dé eékún, ó ń sunkún láìpariwo, ó ti gbé ọwọ́ lé èjìká kékeré yẹn, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti gùn ún.

Mo kígbe. "Mummy! Ẹ dúró!" Màmá yíjú, ó rí ọkùnrin kan tó ń sáré bọ̀, ẹ̀rù bà á, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ lé ọmọ mi lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì ṣubú sínú omi. N kò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Ọwọ́ mi kan ba kọ́là ẹ̀wù ọmọ mi, èkejì ba apá Màmá, mo fà wọ́n. Omi fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Màmá mi ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù mí láyà, ó ń ké, "Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú ìyá mi lọ!" Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sì le.

Lórí bèbè, ọmọ mi ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń kọlu ara wọn, ṣùgbọ́n ìbínú ló wà lójú rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo pariwo, pé mo dẹ́rù ba Grandma. Ó ní Grandma fẹ́ lọ sílé ni, òun fẹ́ gbé e sọdá ni. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé ó lè kú ni. Ó wò mí. Ó ní, "Gbogbo yín lẹ sọ pé èmi ni mummy wọn." Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ó ṣe dún létí mi nìyẹn.

Nínú ọkọ̀, mo tan iná amúlémóoru. Ọmọ mi ló de bẹ́lítì fún Màmá, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo gbọ́ tí Màmá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi.

"Ìyá mi, bàbá tó ń wakọ̀ yìí, ta ni wọ́n?"

"Má bẹ̀rù," ọmọ mi dáhùn. "Daddy mi ni."

"Ẹ bá mi kí wọn o," ni màmá mi wí.

Mo wa ọkọ̀ dé ilé. N kò mọ ọ̀nà tí mo gbà.

Nígbà tí ìyàwó mi dé tó rí aṣọ tútù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní, "Sọ ohun tó o fẹ́ sọ látìgbà òtútù. Èmi ni mo ní kó o sọ ọ́." Ó jókòó, ó sọ ọ́. Kò gbé ohùn sókè, kò sì bú mi. Ó sọ orúkọ àìsàn náà, ó sọ bí ó ṣe máa ń rìn, ó ní òun á pe dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àti pé ọmọ wa kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú Màmá mọ́, ì báà jẹ́ nínú pálọ̀. Lẹ́yìn náà ni a pe ọmọ wa. A sọ fún un pé eré náà ti parí, pé kì í ṣe òun ni ìyá Grandma, ọmọdé ni. Bí Grandma bá kúnlẹ̀ lọ́la, kó má dá a lóhùn.

Ó ronú sí i. Ó ní, "Ta ló wá máa jẹ́ mummy wọn báyìí?"

Ìyàwó mi fi aṣọ bò ó, ó ní kó lọ sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ń rọ̀. A ti wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tán. Màmá jáde láti yàrá rẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ mi, ó fọwọ́ ti ògiri, ó kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ o." Ọmọ mi dúró níbẹ̀ nínú aṣọ òdòdó rẹ̀, ó dákẹ́ bí a ti kọ́ ọ. Màmá dúró lórí eékún rẹ̀. Mo súnmọ́ ọn, mo ní, "Mummy, ẹ dìde." Kò wò mí. Mo dì í lápá, mo tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mummy, èmi ni. Ọmọ yín ni. Ẹ dìde." Ó gba apá rẹ̀ lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe sí àjèjì, ó sì tún tẹ orí ba. Itan rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyàwó mi yíjú sí ògiri.

Ọmọ mi ń wò mí. Ojú rẹ̀ ń bi mí léèrè. Mo dúró títí tí n kò fi lè wo orókún màmá mi mọ́, mo wá mi orí sí i pé ó dáa.

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì ṣì wà ní abẹ́ èékánná rẹ̀ lé gèlè náà.

"Dìde," ó wí.

Màmá mi sì dìde.